Kọ́kọ́rọ́ Ọwọ́ Ẹni: Ọ̀rọ̀ Lórí Sáfà Inú Ilé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Ẹ ò pè mí láti wá túmọ̀ ohun tí ẹ ti mọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá níbẹ̀. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tó ń dá fóònù àti kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn. Bí fọ́tò yín bá wà lọ́dọ̀ Google, sáfà Google ló gbà á lọ́wọ́ yín. Bí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú yàrá yín, tí fóònù yín ń kó fọ́tò lọ síbẹ̀, ẹ ti ní sáfà inú ilé. Ó tán.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́ kò ní ìdí láti bẹ̀rù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọdún kìíní, n kò sì gbà á rí. Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò bèèrè bóyá a ní àṣírí kí ó tó dáàbò bo ilé wa, ìwé tí a kọ síra wa àti ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ lórí tẹlifóònù. Ṣebí ojú gbogbo wa ló ṣe nígbà tí àwọn ayánilówó orí fóònù ń kó nọ́ńbà inú fóònù àwọn ènìyàn, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna, sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, sí olórí ìjọ, pé olè ni lágbájá. Nọ́ńbà àna ẹni kì í ṣe àṣírí. Ọwọ́ tó bọ́ sí ló sọ ọ́ di ohun ìtìjú.

Àwọn kejì ni ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Wọ́n ní Google àti Microsoft ní àwọn ọ̀jáfáfá tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ wọn tọ̀sán-tòru, iná wọn kì í lọ. Kí ni ará Ìbà, tí NEPA ń mú iná lọ nígbà tó bá wù wọ́n, fẹ́ fi bá wọn díje? Mo gbà pé àgádágodo wọn lágbára ju tèmi lọ. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mò ń bèèrè.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, abẹ́ ọmọkùnrin kékeré kan wú ní San Francisco. Nọ́ọ̀sì ní kí àwọn òbí ya fọ́tò rẹ̀ kí dókítà lè wò ó. Fóònù bàbá gbé fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ Google fúnra rẹ̀; ẹ̀rọ Google kà á sí ìwà ọ̀daràn sí ọmọdé, wọ́n sì ti àkáǹtì bàbá náà pa. Ọlọ́pàá wádìí, wọ́n rí i pé kò ṣẹ̀. New York Times gbé ìròyìn náà jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, síbẹ̀ Google kò ṣí àkáǹtì náà. Ímeèlì, fọ́tò ìgbà ìkókó ọmọ náà, títí dórí nọ́ńbà fóònù bàbá, gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ èyí fún alátakò mi àtijọ́ kan, ó ní ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn nínú àìmọye ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà ni ẹnì kan náà, ìlú tí ó ń gbé kò jìnnà sí ilé iṣẹ́ wọn, ọlọ́pàá sì jẹ́rìí sí i. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ìwọ tí o wà ní Okokomaiko, bọ́ọ̀sì wo ni wàá wọ̀ lọ bẹ̀ wọ́n?

Ẹ sì rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ òkun ní ẹ̀gbẹ́ Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní ìlú púpọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà nínú yàrá kò nílò okùn òkun kó tó kà á. Wi-Fi inú ilé ti tó o.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ọjà Alábà, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà láti fi ṣe sáfà. Bí ojú rẹ̀ bá ti sán, ó dára bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ á wálẹ̀, ẹ ò sì ní máa wo ojú rẹ̀. Ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò dáadáa ni bátìrì, nítorí òun ni mo fi yàn án ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ: bí NEPA bá mú iná, láptọ́ọ̀pù kò ní kú lójijì. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Láptọ́ọ̀pù tí kò ṣe iṣẹ́ líle ń jẹ bíi wáàtì 15. Tó bá tàn tọ̀sán-tòru fún oṣù kan, kò ju bíi yúníìtì 11 lọ nínú mítà yín. Ínfátà kékeré á gbé e di òwúrọ̀, kò sí pé à ń tan jẹnẹrétọ̀ lóru. Ẹ fi Linux sí i. Ẹ fi Nextcloud sí i fún ìwé, èyí tí Frank Karlitschek àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 2016. Ẹ fi Immich sí i fún fọ́tò. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lórí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ nu háàdì dísìkì rẹ̀ nù pátápátá. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá wo òwò kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Èkó. Wọ́n ra háàdì dísìkì, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ará òkè òkun nínú rẹ̀. Àwọn olówó náà ń sọ àṣírí nù sójú ọjà wa! Bí ẹ bá ti nu tiyín tán, ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè ka ohun inú rẹ̀ láìsí pásíwọ́ọ̀dù. Bí olè bá gbé e, irin lásán ló gbé.

Àwọn àgbà tó wà níbí rántí ìgbà káfé íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí à ń sanwó òru mọ́jú. Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà á bá ímeèlì ẹlòmíràn ní ṣíṣí, kò sì sí ẹni tí ìyẹn yà lẹ́nu. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò tíì fi ìwà káfé sílẹ̀. Ẹ ń gbé fóònù fún oníṣẹ́ pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù lórí bébà, ẹ ń fi NIN yín sínú ẹgbẹ́ WhatsApp. Kò dára. Sáfà kankan kò lè gba ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n yára. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ tó ń ta dátà fún wa ń fi àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan sin àìmọye oníbàárà. Ó dà bí ilé face-me-I-face-you: lẹ́tà dé géètì, kò mọ yàrá tí yóò wọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó lè dé ọ̀dọ̀ sáfà yín láti ìta, ẹ lo Tailscale, sọ́fúwíà tí a kọ́ lé WireGuard, tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàrin fóònù yín àti sáfà. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ẹ máa tún sọ́fúwíà yín ṣe déédéé. Ní ọdún 2022, àwọn olè gba kọ̀ǹpútà ilé òṣìṣẹ́ kan ní LastPass, ilé iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, wọ ilé iṣẹ́ náà. Sọ́fúwíà Plex tí òṣìṣẹ́ náà kò tún ṣe láti ọdún 2020 ni wọ́n bá wọlé. Ẹ tún ní ẹ̀dà fọ́tò àti ìwé yín mìíràn nínú ilé, kí ọ̀kan sì wà lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní àdúgbò mìíràn.

Ímeèlì ńkọ́? Ẹ má gbé e wá sílé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í fọkàn tán lẹ́tà tó ti ilé ènìyàn wá.

Ní ti òfin: òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 kò di ẹrù ru ẹni tó ń tọ́jú nǹkan ìdílé rẹ̀ nìkan. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ọmọ ìjọ tàbí ti ayálégbé ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ kà á.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi fọ́tò ìdílé bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì pa àkáǹtì Google yín rẹ́ títí ẹ ó fi dán ẹ̀dà tí ẹ ní nílé wò, tí ẹ sì rí i pé ó ṣí. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti Alábà, ẹ bá wa nu dísìkì kí ẹ tó tà á.