Àwọn Tó Ń Yọ̀ǹda Ara Wọn fún Ìwádìí Olú Ìran

Àwọn olú kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá jẹ wọ́n á máa rí ìran, ojú tó fi ń wo ayé á sì yí padà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Psilocybin lorúkọ èròjà inú wọn. Albert Hofmann, ará Switzerland, ló yọ ọ́ jáde lára olú ilẹ̀ Mexico ní 1958. Olú tí àwọn obìnrin ìlú Àpòmù ń ṣà nídìí ọ̀gán lẹ́yìn òjò, tí wọ́n fi ń sebẹ̀, kò sí lára wọn.

Lára àwọn tí wọ́n tètè dán èròjà yìí wò lára wọn ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí oògùn olóró ti di bárakú fún ní Lexington, ìpínlẹ̀ Kentucky. Dókítà Harris Isbell ló ń ṣe é, aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá gbà, wọ́n lè dín ọjọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù, tàbí kí wọ́n fún un ní oògùn olóró tó ti di bárakú fún un. Lórí ìwé, tinútinú ni wọ́n fi gbà. Ẹni tí ebi ń pa náà a máa fi tinútinú gba oúnjẹ.

Ní 1962, Walter Pahnke gba ọ̀nà mìíràn ní Boston. Ogún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ló kó jọ sí Marsh Chapel lọ́jọ́ ìrántí ikú Jésù. Ìdajì gba psilocybin, ìdajì gba fítámì kan tó ń mú ara gbóná. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gba psilocybin ròyìn ohun ìyanu. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà, tó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ mímọ́, kí ni kò ní rí?

Èyí tí Roland Griffiths tẹ̀ jáde ní Johns Hopkins ní 2006 létò ju ìyẹn lọ: èèyàn 36 tí kò lo irú rẹ̀ rí, yàrá tó dà bíi pálọ̀, àga gígùn, ìbòjú, orin létí, olùtọ́jú nítòsí. Síbẹ̀, gbogbo wọn ló ti ń bá ìsìn tàbí àdúrà lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn kan wá ṣàkójọ ìwádìí 18 lórí irú oògùn báyìí ní 2018, èèyàn 282 ló kópa, 82.3 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ aláwọ̀ funfun, dúdú Amẹ́ríkà kò ju 2.5 lọ. Àbájáde wọn kò tíì sọ nǹkan kan nípa ọmọ Yorùbá, ìbáà wà ní Baltimore tàbí ní Àpòmù.

Ìbàdàn ti fi bí àwọn oníwàádìí ṣe lè rí irú wa hàn. Láti 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana wọ àdúgbò Ìdíkàn láti wádìí àrùn tó ń mú àgbà ṣarán. Ilé dé ilé ni wọ́n lọ, wọ́n sì bá àgbàlagbà 2,494 sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ olú yóò le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1971 fi psilocybin sí ìpele tó le jù. Ìwádìí àti ìwọ̀nba ìtọ́jú tí ìjọba fàṣẹ sí nìkan ló lè lò ó. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 sì ní kí olùkópa mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti ewu rẹ̀ kó tó fọwọ́ síwèé. Alápòmù lè gba àwọn oníwàádìí lálejò, kò lè bá ará ìlú fọwọ́ sí i.

Ibi tó máa le jù ni ìbéèrè nípa ìdílé. Àwọn oníwàádìí kì í gba ẹni tí wèrè wà ní ìran rẹ̀, nítorí psilocybin lè jí i. Ohun tí àwọn òbí ń bá ọmọ wádìí kí wọ́n tó fi ìdí ìgbéyàwó múlẹ̀ náà nìyẹn, òun sì ni ọ̀pọ̀ agboolé fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè lójú ẹbí, "Rárá o" ni wọ́n máa gbọ́. Ìyẹ̀wù ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ béèrè, lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé pé kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ.