Ọmọ-Ogun inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ìjánu Rẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ àti lọ́jà. Wọn a ní kí á wá ra èyí tí yóò fi agbára kún agbára àwọn ọmọ-ogun inú ara wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ bí ọmọ-ogun bá ṣe ń lágbára sí i ni ìlú ṣe ń ní àlàáfíà sí i? Láti dáhùn rẹ̀, n óò mú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní complement.

Ní ọdún 1895, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn kan, Jules Bordet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Pasteur ní ìlú Paris. Ó mú omi ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ara rẹ̀ ti kọ́ bí a ti ń bá kòkòrò àrùn onígbáméjì jà, ó sì rí i pé omi náà ń pa kòkòrò ọ̀hún. Nígbà tí ó mú un gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára yẹn pòórá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bu omi ẹ̀jẹ̀ tútù láti ara ẹran tí kò mọ àrùn náà rí sí i, agbára náà padà, bẹ́ẹ̀ ni omi tútù yẹn kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Nǹkan méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èkíní kò bẹ̀rù iná: òun ni antibody, tí ara ń ṣe láti fi dá ọ̀tá kan pàtó mọ̀. Èkejì kò lè fara da iná, ó sì wà lára ẹran tí àrùn náà kò kàn rí pẹ̀lú. Paul Ehrlich, ará Jámánì, ló sọ èkejì yìí ní complement, ìyẹn ohun tí ń mú iṣẹ́ pé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Lónìí a mọ̀ pé complement kì í ṣe ohun ẹyọ kan. Ó lé ní 30 purotéènì, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri bí ẹni tí ó sùn, títí ohun kan yóò fi jí wọn. Antibody tí ó ti di ọ̀tá mú lè jí wọn. Irú ṣúgà tí ó wà lára kòkòrò lè jí wọn. Díẹ̀ nínú wọn a sì tún máa tají fúnra wọn nígbà gbogbo, bí ọdẹ tí ń ṣọ́ òru. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní oríta kan, lọ́dọ̀ purotéènì tí a ń pè ní C3.

Láti oríta yìí, iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń fi àmì sára ọ̀tá kí sẹ́ẹ̀lì funfun lè gbé e mì. Wọ́n ń ké ìbòsí pe àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wá sí ojú ìjà, èyí sì wà lára ohun tí ń mú kí ojú ọgbẹ́ pọ́n, kí ó wú, kí ó gbóná, kí ó sì máa ro. Ní ìkẹyìn, C5 títí dé C9 a para pọ̀, wọn a sì lu ara kòkòrò ní ihò.

Ẹni tí ó lè lu ilé ọ̀tá ní ihò lè lu ilé wa pẹ̀lú. Nítorí náà ni sẹ́ẹ̀lì tiwa ṣe ní apata lára. Méjì nínú wọn ni CD55 àti CD59. Àwọn kan wà tí àyípadà bá sẹ́ẹ̀lì nínú mùdùnmúdùn egungun wọn, tí sẹ́ẹ̀lì pupa tí ń tibẹ̀ jáde kò fi ní apata méjèèjì. Complement a máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, ìtọ̀ aláìsàn a máa dúdú, ẹ̀jẹ̀ a sì lè dì nínú iṣan rẹ̀, kí ó sì pa á. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ní ọdún 2007, ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan fún àìsàn yìí, eculizumab, tí ń di C5 lọ́wọ́. Ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lò ó ti fi ìlẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún kòkòrò àrùn yírùnyírùn, tí ń mú ọrùn gan, nítorí pé lílu ihò yẹn jẹ́ ohun ìjà pàtàkì sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣáájú. Ẹ tún wo àrùn lupus: complement wà lára ohun tí ń ba kíndìnrín aláìsàn jẹ́, síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí a bí láìní C1q, tí í ṣe ara complement, ni lupus ń mú, nítorí òun ló ń bá ara palẹ̀ òkú sẹ́ẹ̀lì mọ́. Àpọ̀jù rẹ̀ ń pani lára, àìsí rẹ̀ náà ń pani lára.

Kí wá ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó lo àjẹsára tuntun Men5CV, tí ń dènà oríṣi márùn-ún kòkòrò yírùnyírùn, àrùn tí ó ti ń da apá Òkè Ọya láàmú láti ọjọ́ pípẹ́. Àjẹsára yìí kò sọ complement di púpọ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó kọ́ ara láti ṣe antibody tí yóò fi ọ̀tá han complement. Kì í ṣe agbára ló fi kún un. Ojú ló là fún un.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún gbé ìgò kan síwájú yín tí ó ní yóò fi agbára kún ọmọ-ogun ara, ẹ bi í pé: èwo nínú wọn? Ta ni yóò sì di ìjánu rẹ̀ mú? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí.