Ẹja Pupa ti Odò Fraser àti Orúkọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹja kan ni mo mú wá, ẹja òkèèrè tí púpọ̀ nínú wa kò rí rí bí kò ṣe nínú agolo.

Létí odò Fraser, ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, ni àwọn tí ń sọ èdè Halkomelem ń gbé. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń pa irú ẹja sámọ́nì yìí. Nínú òkun, ara rẹ̀ a máa dán bí fàdákà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò àti yé bá tó, a padà sí odò tí a ti bí i, a wọ́ omi gun òkè, kì í sì í jẹun mọ́. Nígbà náà ni ara rẹ̀ a pọ́n bí àlàárì, orí rẹ̀ a sì di àwọ̀ ewé. Bí ó bá ti yé tán, ikú ni.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn onílẹ̀ wo ẹja yìí, wọ́n sì pè é ní ohun tí àwọn òyìnbó kọ sílẹ̀ bí suk-kegh: ẹja pupa ni ìtumọ̀ rẹ̀. Etí òyìnbó kò gba ohùn náà; wọ́n gbọ́ ọ bí èdè tiwọn, wọ́n sì ń pè é ní sockeye. Sock ni ìbọ̀sẹ̀, eye sì ni ojú. Ẹja tí kò ní ẹsẹ̀ ni wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ fún, ojú ni wọ́n sì wọ̀ ọ́ sí! Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ojú ẹja náà láti wá ìdí orúkọ rẹ̀, asán ni yóò bá bọ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ṣe dáradára díẹ̀. Ní 1792, Walbaum, oníṣègùn ará Jámánì, fi nerka sínú orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pè é ní Kamchatka ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà.

Bí wọ́n ti ṣe orúkọ náà ni wọ́n ṣe ẹja fúnra rẹ̀. Òfin 1888 gba àwọn onílẹ̀ láyè láti pa á jẹ, ṣùgbọ́n ó kọ̀ fún wọn láti tà á. Ní 1984 a mú Ronald Sparrow, ará Musqueam, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Halkomelem, wọ́n ní àwọ̀n rẹ̀ gùn ju èyí tí ìwé àṣẹ gbà lọ. Ó ní ẹ̀tọ́ àwọn baba òun ni. Ní 1990, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé ẹ̀tọ́ náà kò kú, àti pé bí a bá ti dáàbò bo ẹja náà kí ó má baà run, oúnjẹ àwọn onílẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ti àwọn oníṣòwò. Ní ti títà á, ilé ẹjọ́ kò dá a ní ọjọ́ náà.