Nígbà Tí Kọ̀ǹpáílà Bá Kọ̀ Láti Gba Kóòdù Tó Péye

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Pólì Ìlaròó, tiyín ni tòní.

Ọdún 1957 ni John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé èdè Fortran jáde. Wọ́n ṣì ń fi ṣírò ojú ọjọ́ títí dòní. Kọ̀ǹpáílà ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bí aṣọ́bodè Ìdìrókò ló rí: ó ń yẹ ìwé wò, ó sì lè ṣèèṣì dá ẹni tí ìwé rẹ̀ pé padà.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Fortran kò fi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́ fún ara rẹ̀. Ẹ lè kọ "if = 5", òfin èdè náà gbà á. Kọ̀ǹpáílà tó bá kọ̀ ọ́, òun ló jẹ̀bi.

Ó máa ń dùn mí tí ọ̀dọ́ bá pa kóòdù rere rẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ ní rárá. Ẹ wo ìwé òfin èdè náà. Ẹ gé kóòdù yín kù sí ìlà díẹ̀, ẹ fi kọ̀ǹpáílà mìíràn dán an wò, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpáílà tó kọ̀ ọ́. "Rejects-valid" ni àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpáílà gfortran ń pe irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá tún un ṣe, wọ́n sábà máa ń fi irú kóòdù kékeré bẹ́ẹ̀ sínú ìdánwò wọn, kí àṣìṣe náà má baà tún yọjú.