Ọ́ìlì Gíà Sienna Ẹgbẹ́ Wa: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Ìpàdé Sọ



Sienna ẹgbẹ́ yìí ló ń gbé aláboyún wa lọ sílé ìwòsàn lóru. Lọ́dún tó kọjá, gíà rẹ̀ kọṣẹ́, owó gbogbo wa la fi tún un ṣe. Ọ́ìlì tí wọ́n bù nínú dúrọ́ọ̀mù, tá ò mọ orúkọ ẹ̀, la rọ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ká má tún un ṣe mọ́. Ọ́ìlì synthetic wọ́n díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ooru kì í tètè bà á jẹ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n synthetic nìkan kò tó o! Ìwé mọ́tò la ó kọ́kọ́ wò. Toyota kan ń lo T-IV, òmíràn ń lo WS; wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ fọwọ́ sí owó rẹ̀ lónìí. Èmi fúnra mi á dúró ti mẹkáníìkì, màá sì kọ ọjọ́ tá a pààrọ̀ ẹ̀ sílẹ̀.

Ìlú wa á máa tẹ̀síwájú o.