Ìpẹtà Lọ, Ásíìdì Bọ̀

[Orin ìdánimọ̀ ètò. A rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìró òòlù lórí irin.]

ATỌ́KÙN: Ẹni tó bá ti dé àgbẹ̀dẹ rí á ti rí èépá dúdú tó máa ń ṣí bọ́ lára irin gbígbóná. Afẹ́fẹ́ ló bá irin náà pàdé nínú ooru. Èépá yìí kan náà ló ń yọ ilé-iṣẹ́ ńláńlá lẹ́nu, níbi tí irin tó gbóná tó nǹkan bí 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti ń gba àárín rọ́là kọjá. Bí wọn kò bá sì ṣí i kúrò, síǹkì kò ní lẹ̀ mọ́ irin náà, kò sì ní di páànù tí à ń kàn sórí ilé.

[Ìró omi tó ń hó nínú táńkì.]

ATỌ́KÙN: Ásíìdì ni wọ́n fi ń bó o. Tẹ́lẹ̀, ásíìdì sulphuric ló gbòde, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Láti àwọn ọdún 1960 ni ásíìdì hydrochloric ti ń gba ipò rẹ̀. Wọ́n á fi omi là á, wọ́n á mú un gbóná, irin pẹlẹbẹ á sì máa gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n tún máa ń bu kẹ́míkà kan sí i, kí ásíìdì má baà jẹ èépá tán kó tún kọjú sí irin gan-an.

Àmọ́ èépá tí ásíìdì jẹ kò lọ ibì kankan. Bí irin inú lítà kan bá ti ju 100 gíráàmù lọ, ásíìdì náà ti yó. Iṣẹ́ rẹ̀ ti falẹ̀. Ẹni tó bá dà á sódò pa odò. Ẹni tó bá pa oró rẹ̀ kó tó dà á nù á tún ní òkìtì ẹrẹ̀ tí yóò wá ibi kó sí.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí wọ́n gba ásíìdì náà padà. Ti sulphuric, wọ́n máa ń mú un tutù kí irin inú rẹ̀ lè dì bí iyọ̀ aláwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ásíìdì tí irin ti gbà mọ́ra bá iyọ̀ náà lọ. Ti hydrochloric yàtọ̀: iná lè ya irin àti ásíìdì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

[Ìró ìléru.]

ATỌ́KÙN: Ilé-iṣẹ́ Ruthner, ní Vienna lórílẹ̀-èdè Austria, wà lára àwọn tó sọ ìmọ̀ yìí di iṣẹ́. Wọ́n á fọ́n ásíìdì tó ti yó láti òkè ìléru gíga. Bó ṣe ń já bọ̀ nínú ooru, irin inú rẹ̀ á di lẹ́búlẹ́bú pupa, á balẹ̀ sísàlẹ̀. Ásíìdì á di gáàsì, á gba òkè jáde. Omi tí wọ́n fi ṣan irin tẹ́lẹ̀ ni yóò gba gáàsì náà mú, ásíìdì á sì padà sí táńkì. Èyí tí wọ́n ń rí gbà padà lè tó ìdá 99 nínú 100.

Lẹ́búlẹ́bú pupa yẹn náà ọjà ni. Wọ́n ń fi í ṣe ọ̀dà, wọ́n sì ń fi í ṣe òòfà, títí kan irú èyí tó wà nínú sípíkà rédíò.

Ìléru yìí wọ́n ju agbára àwọn tó ń rẹ irin sínú síǹkì níwọ̀nba. Síbẹ̀, ásíìdì tiwọn tó ti yó náà wúlò fún àwọn tó ń tún omi ìdọ̀tí ṣe, bí síǹkì kò bá ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ kì í fi bó síǹkì àtijọ́ kúrò lára irin nínú táńkì tí wọ́n ti ń bó èépá. Ìyẹn kò gba ìléru. Táńkì kejì ló gbà.

[Orin ìparí.]