Agbo Àlọ́ àti Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán Plasma

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé àlọ́ tí ẹni etí agbo kò gbọ́ kì í ṣe àlọ́ gbogbo agbo. Òṣùwọ̀n yìí ni n ó fi wọn ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán plasma.

Ní ọdún 1964, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, ni Donald Bitzer, Gene Slottow àti Robert Willson ṣe ojú plasma àkọ́kọ́ fún PLATO, ètò tí ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ni.

Nínú èyí tí ó wọ ilé lẹ́yìn náà, ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ láàárín dígí pẹlẹbẹ méjì, gáàsì neon àti xenon sì wà nínú wọn. Bí iná mànàmáná bá kan gáàsì náà, yóò yọ ìtànṣán tí ojú kò rí. Ìtànṣán yìí ni í mú kí èròjà ara ihò náà tàn ní pupa, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró.

Ihò kọ̀ọ̀kan ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, òru inú eré a máa ṣú bí òru, ọmọ tí ó jókòó lẹ́bàá ògiri a sì máa rí ohun tí bàbá rẹ̀ ń rí láàárín yàrá.

Òótọ́ ni pé ó ń jẹ iná, ó sì wúwo. Ní ọdún 2014 ni Samsung àti LG kéde pé àwọn yóò ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí ọmọ yóò jókòó sí.